Bí Mo Ṣe Kọ́ Ẹrù Dídì Kí N Tó Gun Kẹ̀kẹ́ Dé Ìlaròó

Mo rántí ìgbà tí òórùn èèpo ọsàn lásán máa ń mú kí itọ́ dà lẹ́nu mi. Kì í ṣe pé ọsàn ṣẹ̀ mí. Ìyá mi ni wọ́n máa ń fún mi ní èèpo rẹ̀ mú dání nígbàkígbà tí a bá fẹ́ wọ ọkọ̀, kí n lè máa fi símú, kí èébì má baà gbé mi. Wọ́n á tún ká bébà ìròyìn sí mi láyà lábẹ́ ẹ̀wù, wọ́n á fún mi ní ọ̀rá dúdú méjì, wọ́n á sì gbàdúrà. Kí a tó dé Mile 2, ọ̀rá kìíní á ti kún. Báyìí ni mo ṣe dàgbà ní Amùkòkò tí mo di ọkùnrin ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n láìmọ ìlú kankan tó kọjá ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé mi dé. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe wá pa ni lẹ́rìn-ín. Akọ̀wé ni mí ní Àpápá, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń bá àwọn ènìyàn gba ẹrù wọn jáde ní èbúté. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, mò ń kọ ìwé fún ẹrù tó ń lọ Kánò, tó ń lọ Ìbàdàn, tó ń lọ Màídúgùrì, èmi tí n kò lè jókòó nínú ọkọ̀ dé Òṣòdì.

Kẹ̀kẹ́ ológeere ló gbà mí. Nígbà tí tírélà dí gbogbo ọ̀nà Àpápá pa, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, mo ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gùn ún láti Amùkòkò dé iwájú èbúté ni mo ṣàkíyèsí pé inú mi kò rú rárá. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi lójú, mo sì ń kọrin. Bí ọmọdé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni mo rí.

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ nígbà náà tó ń dun ìyá mi. Bàbá mi ti kú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù, ọmọ Ìlaròó ni wọ́n, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti wá sí Èkó, wọn kò padà sílé mọ́. Gbogbo ọdún ni wọ́n máa ń sọ pé, "Tó bá di Iléyá tó ń bọ̀, a ó lọ." Iléyá tó ń bọ̀ á dé, wọ́n á ra aṣọ ránṣẹ́, àwọn fúnra wọn á jókòó sí Amùkòkò. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin kan ṣoṣo ló kù nínú ọmọ ìyá wọn, òun ló sì pọ̀n wọ́n dàgbà. Nígbà tí bàbá mi kú, a sin wọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ti wí, kí ìròyìn tó dé Ìlaròó. Ẹ̀gbọ́n wọn sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé, "Ó kọ̀ mí sílẹ̀ nígbà tó wà láàyè, ó tún wá sá fún mi nígbà tó kú." Láti ọjọ́ náà, wọn kò gbé ìpè ìyá mi mọ́.

Nígbà tó yá, a gbọ́ pé màmá náà ṣàìsàn, wọ́n sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ìyá mi kò lè sùn dáadáa. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n kú pẹ̀lú ìbínú bàbá rẹ nínú," ni wọ́n ń sọ. Ọmọ màmá náà obìnrin ló bá wa bẹ̀ wọ́n, ohun tí wọ́n sì sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: àwọn kò fẹ́ fóònù, àwọn kò fẹ́ aṣọ, kí ọmọ àbúrò àwọn wá dúró níwájú àwọn. Èmi ni ọmọ náà, èmi nìkan ni wọ́n sì bí. Mo wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan láti gbìyànjú rẹ̀. Ní Òṣòdì ni awakọ̀ ti sọ̀ mí kalẹ̀, tó dá owó mi padà, tó sì bẹ̀ mí pé kí n má bínú, pé ṣẹ̀ṣẹ̀ ni òun fọ ọkọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ni mo rí àwọn kan lẹ́bàá ọ̀nà ní Àpápá, ènìyàn bíi méje lórí kẹ̀kẹ́ ológeere, tí wọ́n di báàgì kéékèèké mọ́ kẹ̀kẹ́ níwájú, lẹ́yìn àti láàárín. Mo bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ní Badagry, pé àwọn á sùn lọ́nà. Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣeré ni. Olórí wọn jẹ́ obìnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré kan lọ́nà Kirikiri. Nọ́ọ̀sì náà ni gbogbo wọn ń pè wọ́n. Mo súnmọ́ wọn, mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé èèyàn lè gun kẹ̀kẹ́ dé Ìlaròó?"

"Èèyàn lè gùn ún dé Sókótó. Kí lo mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Mo mọ kẹ̀kẹ́ gùn, mà."

"Ìyẹn nìkan? Ọmọ ọdún mẹ́jọ náà mọ ìyẹn. Máa bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé."

Mo lọ lọ́jọ́ Sátidé yẹn, mo sì lọ ní ọ̀pọ̀ Sátidé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé Nọ́ọ̀sì ní Kirikiri ni ilé ẹ̀kọ́ wa, láti ibẹ̀ ni a ti ń rí orí àwọn táǹkì epo ńláńlá. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ́ ni pé n kò mọ nǹkan kan. Wọ́n ní kí n lẹ túùbù tó jò. Mo lẹ̀ ẹ́, mo gbé e padà sínú táyà, mo fẹ́ ẹ, ó jò. Mo tún un lẹ̀, ó tún jò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ṣe é, mo sì ń ṣépè fún ẹni tó ta gọ́ọ̀mù fún mi. Nọ́ọ̀sì kàn ń wò mí, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Nígbà tó sú wọn, wọ́n ti ìka bọ inú táyà, wọ́n fa ìṣó kan yọ, wọ́n sì fi lé mi lọ́wọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Wọ́n kọ́ wa pé ẹni tó bá dúró dìgbà tí òùngbẹ gbẹ ẹ́ kó tó mumi ti pẹ́. Wọ́n kọ́ wa pé omi tí a kò bá rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a kì í wọ̀ ọ́, ìbáà ṣe lójú títì Èkó. Ìyẹn kò ṣòro fún ọmọ agbègbè Ajégúnlẹ̀ bíi tèmi, a ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń fi etí mọ tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn, bóyá ó rù ni tàbí òfìfo ló ń sáré, nítorí èyí tó ṣófo ni kí a yà fún kíákíá. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń gbẹ́ ihò kékeré nínú igbó fún ìgbọ̀nsẹ̀, tí a ó sì bò ó. Èyí ló ti ojú mi jù, torí wọ́n ní kí n fi hàn wọ́n bí n ó ṣe di ṣọ́bìrì mú, gbogbo ẹgbẹ́ sì ń wò mí.

Wọ́n yá mi ní àgọ́ kékeré kan kí n lọ máa fi kọ́ra nílé. Mo ta á sí àárín àgbàlá wa ní Amùkòkò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo sì wọ inú rẹ̀ lọ láti wò ó bóyá ó gba gígùn mi. Kí n tó jáde, ariwo ti sọ. Àwọn ará ilé rò pé wọ́n ti lé mi jáde nínú yàrá. Màmá tó ń ta ẹja yíyan, ọmọ ìhà Delta tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, ti bu ìrẹsì wá. "Sorry, my pikin," ni wọ́n ń sọ, wọ́n sì na abọ́ sí mi láti ẹnu ọ̀nà àgọ́. "E go better." Ìyá onílé sáré jáde pẹ̀lú ìró àyà, wọ́n ń búra pé, "Èmi kọ́ o! Ẹ bi í, ṣé mo bá a sọ̀rọ̀ owó ilé?" Kí ojú má baà ti wọn, mo ní láti ṣàlàyé fún gbogbo ilé pé Ìlaròó ni mò ń lọ, pé mò ń fi àgọ́ náà kọ́ṣẹ́ ni. Mo jẹ ìrẹsì náà ṣá o.

Àlàyé tí mo ṣe yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tó bá gbé nílé bíi tiwa mọ̀ pé ẹni tó bá ń lọ ìrìn àjò ti di ẹni à ń rán. Kò ju ọjọ́ méjì lọ tí ìyá onílé fi gbé bàsíà tánganran ńlá kan wá, olómọrí, fún àbúrò wọn tó ń gbé ní Ìlaròó. Bàbá télọ̀ tó wà níwájú ilé gbé agbádá tí wọ́n rán fún ọ̀rẹ́ wọn wá. Àlùfáà àdúgbò wa mú kẹ́tùlù àlùwàlá méjì wá fún mọ́sálásí tí wọ́n ti kéwú lọ́mọdé. Màmá ẹlẹ́ja, tí ọmọ wọn ń ṣe tíṣà lọ́hùn-ún, gbé páálí ẹja kan wá. "Na small carton," ni wọ́n wí, páálí náà sì ga dé orúnkún mi. N kò lè sọ fún ẹnìkan nínú wọn pé rárá. Nínú ilé wa, a kì í sọ fún àgbà pé ẹrù rẹ̀ wúwo. Mo ń dọ̀bálẹ̀, mo ń gbà á, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n fọkàn tán mi.

Kò tún wá dẹ́rù bà mí tó bó ṣe yẹ, torí mo gbà pé mo mọ ẹrù ju Nọ́ọ̀sì lọ. Wọ́n ti sọ fún wa pé ohun tó bá wúwo, ìsàlẹ̀ láàárín kẹ̀kẹ́ ni kó wà, kí ẹ̀yìn fúyẹ́, àti pé ẹni tí kò bá lè gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tẹrù tẹrù gorí pèpéle, ẹrù rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n èmi ti rí bí wọ́n ṣe ń kó ẹrù sínú kọ̀ǹtẹ́nà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ní Àpápá, kọ̀ǹtẹ́nà tó bá kún dáadáa ni ẹrù rẹ̀ kì í yí. Àlàfo ló ń ba ẹrù jẹ́. Mo wá di àlàfo pa. Mo ki kẹ́tùlù bọ inú bàsíà, mo fi agbádá há àárín kẹ́tùlù méjèèjì, mo gbé bàsíà lé páálí ẹja lórí ìjókòó ẹ̀yìn, mo sì fi rọ́bà táyà lọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀ títí kò fi mì. Mo dúró, mo wò ó, inú mi dùn. Ó ga ju orí mi lọ.

Nọ́ọ̀sì ti mú Ìlaròó tí mo béèrè fún ìrìn àjò ẹgbẹ́ tó kàn. Ọjọ́ ìdánwò wa dé. Gbogbo wa yóò ru ẹrù ìrìn àjò wa gan-an, a ó gùn láti Kirikiri lọ sí ọjà Boundary ní Ajégúnlẹ̀, a ó gba Amùkòkò padà. Ẹni tó bá yege ló máa lọ Ìlaròó lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nọ́ọ̀sì wo ẹrù mi láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ṣó o dájú?" Mo ní, "Ó dá mi lójú, mà." Wọ́n ní kí n máa lọ níwájú.

Mo dé Boundary láìsí nǹkan kan, mo ti ń fi ọwọ́ kan kí àwọn tó mọ̀ mí. Ní ibi tí àwọn tó ń tajà ti ya wọ ojú títì, kẹ̀kẹ́ Márúwà kan dúró lójijì níwájú mi láti gbé èrò. Mo fún bíréèkì pọ̀, mo yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, gbogbo ẹrù sì dà sí apá kan. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti wà lókè, èmi àti kẹ̀kẹ́ ti sùn sílẹ̀. Rọ́bà já. Bàsíà ìyá onílé dìde dúró lórí etí rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ láàárín ọjà. Ó kọjá lẹ́bàá tòmátò, ó kọjá lẹ́bàá àwọn oníbàtà. Ọkùnrin kan tó ń gba owó gáréèjì na ọwọ́ sókè, ó dá àwọn mọ́tò dúró: "Ẹ dúró! Ẹ jẹ́ kí ìyàwó kọjá!" Obìnrin kan tó ń ta ata di ìdí mú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bros, na traditional wedding you dey carry go? Where the bride?" Ẹja fọ́n káàkiri, kẹ́tùlù ń dún lórí ọ̀dà. Àwọn èèyàn Boundary ṣe mí lóore, wọ́n bá mi ṣà á pé pérépéré, kò sí ẹja kan tó sọnù, ṣùgbọ́n wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín dọ́ba.

Nọ́ọ̀sì dé, wọ́n fọ ojú ọgbẹ́ orúnkún mi, wọ́n dì í. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "O ò lọ o. Ní Boundary, èèyàn gbé ọ dìde. Tó bá jẹ́ ọ̀nà Sango níwájú tírélà ńkọ́?"

Ojú mi ṣú. Mo jókòó sórí páálí ẹja, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ rí nítorí ìtìjú: èébì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń ṣàìsàn, ìyá mi tí kì í sùn. Mo ní tí n kò bá bá wọn lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màmá náà lè kú kí n tó dé ọ̀hún. Wọn kò fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní etí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé inú etí ni ohun tó ń sọ fún ara pé à ń lọ wà, tí ojú kò bá sì gbà pẹ̀lú rẹ̀, ara á dàrú. Wọ́n wá wo bàsíà tó ti tẹ̀ díẹ̀ létí, wọ́n sì wò mí.

"Iṣẹ́ wo lo tún sọ pé ò ń ṣe ní Àpápá?"

"Mo máa ń bá àwọn èèyàn fi ẹrù ránṣẹ́ ni, mà."

"Ẹn-ẹ́n."

Mo gbé ojú sókè, mo rí gáréèjì níwájú mi, níbi tí àwọn awakọ̀ Ìlaròó ti ń gba wébíìlì, ẹrù tí a fi ń rán ọkọ̀, lójoojúmọ́. Ẹrù ẹlẹ́rù ni mò ń fi ránṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé mo lè fi tilé wa náà ránṣẹ́. Ojú tì mí ju ìgbà tí bàsíà ń yí lọ. Nọ́ọ̀sì ní kí n padà wá fún ìdánwò lọ́jọ́rú, kí n gbé kẹ̀kẹ́ mi gorí pèpéle wọn níṣojú wọn.

Ó wá ku àwọn àgbà ilé. Ìyá onílé fárígá. "Wébíìlì kẹ̀? Bàsíà tí mo fẹ́ kí ọwọ́ ọmọ ilé mi gbé fún àbúrò mi, kí ó sì bá mi wo ojú rẹ̀? Tó bá jẹ́ wébíìlì ni, ṣé mi ò mọ ọ̀nà gáréèjì ni?" Mo mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Kì í ṣe bàsíà ni wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ gan-an. Ìyá mi ló kúnlẹ̀, wọ́n bá mi bẹ̀ wọ́n. "Ẹ má bínú, mà. Wọ́n ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù. Àmọ́ bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ ru ẹrù, kí ọmọ yìí fi ẹnu jẹ́ iṣẹ́ yín fún wọn lójúkojú." Ìyá onílé rò ó, wọ́n ní ó dáa. Wọ́n jókòó, wọ́n sì ro iṣẹ́ tí n ó jẹ́ fún mi, láti orí ikú ìyá wọn dé orí ilẹ̀ tí wọ́n jọ jà lé lórí àti bí àwọn ti dárí jì í. Iṣẹ́ náà wúwo ju bàsíà lọ. Mo há a sórí bí ọmọ iléèwé, àti ti bàbá télọ̀, àti ti Àlùfáà, àti ti màmá ẹlẹ́ja ní èdè tiwọn. Ní ọjọ́rú, mo gbé kẹ̀kẹ́ mi gorí pèpéle Nọ́ọ̀sì pẹ̀lú ọwọ́ kan. Wọ́n ní, "Ìwọ náà wò ó."

A ò ju márùn-ún lọ tí a gbéra ní kété tí wọ́n kírun àárọ̀ tán. Ayọ̀ tó wà nínú mi lọ́jọ́ náà, n kò mọ bí mo ṣe lè ròyìn rẹ̀. Mo ti kọ Sango sínú ìwé ẹrù tó lé ní igba ìgbà, ọjọ́ náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ó ní òkè tí ń gbẹ́mìí ẹni. Àwọn ibi tí mo mọ̀ lórúkọ nìkan di ibi tí mo ti ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí mo ti bi èèyàn lọ́nà. Ní ìrọ̀lẹ́ a dé abúlé kan tó kọjá Sango. Kí a tó tú báàgì, Nọ́ọ̀sì kó wa lọ kí baálẹ̀. Wọ́n ní àgọ́ tí a kò bá kí onílẹ̀ kó tó dúró, ìjà ló ń wá. Baálẹ̀ fún wa ní iwájú iléèwé, àwọn ọmọ abúlé sì tò yí wa ká. Àgọ́ mi ló kọ́kọ́ dìde. N kò purọ́, mo wò yíká bóyá àwọn yòókù rí i. Lọ́jọ́ kejì táyà mi jò, mo sì kọ́kọ́ wá ìṣó.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni mo dé ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Àwọn ẹgbẹ́ mi dúró lójú títì. Màmá náà jókòó níwájú ilé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ, wọ́n gbẹ, ṣùgbọ́n ojú wọn mú. Mo sún kẹ̀kẹ́ ti ògiri, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. Ọmọ wọn obìnrin sọ ẹni tí mo jẹ́. Wọn kò ní kí n dìde.

"Ọkọ̀ wo ló gbé ọ wá?"

"Kẹ̀kẹ́ yìí ni mo gùn, mà."

"Láti Èkó? Kí ló dé? Ṣé ọkọ̀ ti tán lÉkòó ni?"

"Rárá, mà. Èébì ni. Bí mo bá ti wọ ọkọ̀, bíbì ni mò ń bì. Láti kékeré."

Ọwọ́ wọn dúró lórí ẹ̀wà. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n ní, "Ṣé òógùn tútù á kọ́kọ́ bò ọ́ níwájú orí? Tí itọ́ á wá máa dà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n gbé atẹ sílẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú.

"Yéè! Bí tiẹ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn! Bàbá rẹ! Nígbà tó wà ní kékeré, a gbé e sórí lọ́rì lọ sí ọjà Pápáláńtò, ó bì títí ó fi dákú mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Nígbà tó dé Èkó, iṣẹ́ tó kọ́kọ́ rán sí mi ni pé ọjọ́ mẹ́ta lòun fi dùbúlẹ̀, pé òun ò tún ní wọ ọkọ̀ mọ́ láyé òun. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Mo gbàgbé. Ọlọ́run mi, mo gbàgbé!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ń jáde, omijé náà ń jáde. "Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo fi ń bínú, àṣé èébì ni!"

Mo ṣì dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, èmi náà ń sunkún. Bàbá mi, ọkùnrin tó ń ru àpò sìmẹ́ńtì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lọ sí wọ́ọ̀fù lójoojúmọ́ ayé wọn. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ gbogbo ibi tí wọ́n bá ń lọ. Gbogbo wa rò pé wọ́n ń ṣọ́ owó ná ni. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́, bí kò ṣe jẹ́ kí èmi náà sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ mi. Màmá náà ní kí n pe ìyá mi. Ọ̀rọ̀ kìíní tí wọ́n sọ ni, "Ìyàwó wa." Nígbà tí a sọ ọ̀rọ̀ náà fún ìyá mi, wọ́n ní, "Lóòótọ́, mi ò rí wọn nínú ọkọ̀ rí. Mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ràn ìrìn ni." Màmá náà se ẹ̀wà náà fún wa, èmi àti ẹgbẹ́ mi. Bàsíà ti dé Ìlaròó láti ọjọ́ kejì tí mo fi í ránṣẹ́, èmi náà sì jẹ́ iṣẹ́ ìyá onílé láìfo gbólóhùn kan.

Ní Iléyá tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá sí Amùkòkò. Ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ni wọ́n jókòó sí, ọmọ wọn sì sọ fún wa pé wọ́n jẹ ẹ̀pà láti Ìlaròó wọ Èkó, wọ́n ń wo ìta, wọ́n ń bá awakọ̀ tàkúrọ̀sọ. Ní ọjọ́ kejì mo mú wọn lọ sí ibojì bàbá mi. Mo rò pé wọ́n á sunkún, ṣùgbọ́n wọn kò sun ún. Wọ́n dúró, wọ́n fi ọ̀pá kan ilẹ̀, wọ́n sì bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nítòsí.

"Àbúrò mi, má bínú sí mi. Ọkọ̀ ò ṣe èmi ní nǹkan kan. Èmi ni ǹ bá máa wá."

Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti dolóògbé, ìyá mi sì lọ síbi ìsìnkú wọn, wọ́n jókòó láàárín àwọn ìyàwó ilé. Nọ́ọ̀sì kò lè gun òkè Sango mọ́, èmi ni mo ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní ẹ̀yìn ilé wọn ní Kirikiri, tí mo ń jẹ ẹ̀pà nígbà tí wọ́n bá ń lẹ túùbù. Mo ti gun kẹ̀kẹ́ dé ìlú tí n kò lè kà tán. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ tí màmá náà sọ létí ibojì ni mo fi ń rìn. Bí ó bá ti pẹ́ tí n kò rí ẹnì kan tó yẹ kí n rí, n kì í jókòó béèrè mọ́ pé kí ló dé tí kò wá. Mo máa ń fẹ́ táyà mi, mo sì ń lọ.